Ibi Tí Omi Ìwẹ̀ Yóò Sùn

Ní Ìgbẹ́tì, ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ní láti kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ òkúta. Ẹsẹ̀ àpáta ni ìlú náà tẹ̀dó sí, kò sì sí bí àlejò ṣe máa wọ ìlú tí kò ní rí Òkè Ìyámọ̀pó. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pe àpáta àtayébáyé yìí, èyí tó rìn lábẹ́ ilẹ̀ dé ibi púpọ̀ ní Nàìjíríà: Basement Complex. Basement yìí kan náà ni àwọn òyìnbó ń pe yàrá tí wọ́n bá gbẹ́ sábẹ́ ilé. Mo máa ń fi dá àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Chicago lára yá pé kò sí ilé tí kò ní basement ní Ìgbẹ́tì, àfi pé òkúta ló ń gbé inú tiwa.

Yàrá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí súnmọ́ tiwọn díẹ̀. Gẹ̀rẹ́ òkè ni bàbá mi kọ́lé sí. Nígbà tí wọ́n ń tẹ́ ìpìlẹ̀, dípò kí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ gbé iwájú ilé ga, ẹ̀yìn ni wọ́n gbẹ́ wọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yàrá méjì ìkẹyìn ṣe rì sínú ilẹ̀ dé ìbàdí. Ọ̀kan ni màmá mi ń sùn sí, èkejì la fi ṣe àká, nítorí ibẹ̀ tutù, iṣu kì í sì í tètè bàjẹ́ níbẹ̀. Balùwẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Kí màmá tó lè wẹ̀, wọ́n ní láti gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, kí wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, kí wọ́n rìn gba ẹ̀gbẹ́ àdògán kọjá. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu, tí ọyẹ́ sì tún wá fẹ́ gan-an lọ́dún yẹn, a pinnu pé kí iṣu kó jáde, kí balùwẹ̀ wọlé.

Ohun tí bíríkìlà kọ́kọ́ sọ kò yà mí lẹ́nu. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lu ògiri ẹ̀yìn, ká yọ páìpù síta, iṣẹ́ ti parí.” Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é láti ayébáyé. Kí ni balùwẹ̀ àtijọ́? Ògiri tó ga dé èjìká tàbí páànù tí a fi yí i ká, òkúta pẹlẹbẹ nílẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà rì sínú ẹrẹ̀, ihò kan nísàlẹ̀ ògiri. Omi á gba ihò yẹn lọ bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ìrèké tí ìyàwó ilé ti gbìn sítòsí. Kò sí páìpù, kò sí gọ́ọ̀mù, síbẹ̀ ọgbọ́n inú rẹ̀ pé: omi ní ọ̀nà, ó ní ibi tó ń lọ, ó sì ní ẹni tó ń mu ún. Àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ tiẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn, àpáàdì ni wọ́n ń to ní ìnàró, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, láti fi tẹ́ àgbàlá kí òjò má baà sọ ọ́ di ẹrẹ̀, ìtàn ẹnu sì so iṣẹ́ náà mọ́ orúkọ Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri tiwa ga ju ilẹ̀ yàrá lọ. Bí a bá lu ògiri yẹn, omi ìwẹ̀ kò ní jáde. Omi òjò ni yóò wọlé wá kí wa. Mo mú bíríkìlà jáde, mo ní kó dúró lẹ́yìnkùlé kó fi ọwọ́ kan ògiri níbi tó rò pé ilẹ̀ yàrá wà nínú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dé ilẹ̀, kò sì tíì dé ibẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.”

Nítorí náà a kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti inú yàrá. Ibi tí omi yóò sùn la ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fọ́ kọnkéré ilé rẹ̀ nítorí balùwẹ̀, èmi á bẹ̀ ẹ́ pé kó fi hámà sílẹ̀ ná, kó lọ wá ibi tí omi máa sùn. Ihò tí ẹ ń rí nílẹ̀ balùwẹ̀, tó ní irin oníhò-wẹ́wẹ́ lórí, ẹnu ọ̀nà lásán ni. Mo ti rí ilé ńlá tí wọ́n ti to táìlì olówó iyebíye síbẹ̀, kí wọ́n tó rí i pé páìpù kò ní ibi tó ń lọ.

Sókàwéè ni a ń gbẹ́ fún irú omi yìí lọ́dọ̀ wa, kòtò tí a kó òkúta sí kí omi lè rọra wọ inú ilẹ̀. Ilẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀, kì í ṣe kòtò. Tí ilẹ̀ kò bá mu omi, ìkùdu lẹ gbẹ́ yẹn. Bí a ṣe ń dán ilẹ̀ wò kò le: ẹ gbẹ́ ihò kékeré dé ibi tí ìsàlẹ̀ sókàwéè máa dé, ẹ rọ omi kún un kí ilẹ̀ kọ́kọ́ mu àmuyó, nítorí ilẹ̀ gbígbẹ máa ń tan èèyàn jẹ lẹ́ẹ̀kíní. Lẹ́yìn náà kí ẹ tún un rọ, kí ẹ wá wo aago. Ibi àkọ́kọ́ tí a gbẹ́, dígà kọ lu òkúta kí ihò tó jìn dé orúnkún. Omi tí a rọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, a bá a níbẹ̀ láàárọ̀ bí àlejò tí kò rí ọkọ̀ wọ̀. Ibi kejì wà ní igun ìsàlẹ̀ ilé, lápá títì, ilẹ̀ pupa tí òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Omi ti lọ kí a tó jẹun ọ̀sán tán. Kànga kankan kò sí nítòsí ibẹ̀. Mítà 30 ni wọ́n sábà máa ń ní kí ó wà láàárín kànga àti sókàwéè, ibẹ̀ sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ìwẹ̀ nìkan la sì dà síbẹ̀. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní táǹkì tirẹ̀, a kò pa wọ́n pọ̀.

Bí ibi tó ń lọ ti wà, ó ku gẹ̀rẹ́. Àwọn bíríkìlà wa ní ohun èlò kan tí mo fẹ́ràn ju gbogbo irinṣẹ́ olówó ńlá lọ: rọ́bà tín-ín-rín tí ara rẹ̀ mọ́ gaara, tí wọ́n rọ omi sínú rẹ̀. Ẹ di orí kan mú nínú yàrá, kí ẹnìkan di orí kejì mú níta. Omi inú rẹ̀ yóò dọ́gba ní ìhà méjèèjì, ìbáà jẹ́ ògiri mẹ́rin ló wà láàárín yín. Omi gan-an la fi ń béèrè ọ̀nà omi. Ohun tó sọ fún wa ni pé ilẹ̀ igun ìsàlẹ̀ yẹn fi sẹ̀ǹtímítà 30 rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ yàrá lọ, láti ibẹ̀ sí ibi tí a fẹ́ gbẹ́ ihò balùwẹ̀ sì jẹ́ mítà 11.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Fún páìpù ínṣì méjì, òfin ìkọ́lé ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà ní kó máa sọ̀kalẹ̀ ní ìdá mẹ́rin ínṣì kan láàárín ẹsẹ̀ bàtà kan, èyí tó jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà méjì fún mítà kan. Mítà 11 yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22. Ibi tí páìpù ti máa bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ yàrá, lẹ́yìn tí a bá ti fi àyè sílẹ̀ fún ibi tó ti máa tẹ̀ kọ́rọ́, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30. Nígbà tó bá fi máa dé sókàwéè, ó ti di 52 lábẹ́ ilẹ̀ yàrá, ìyẹn 22 péré lábẹ́ ilẹ̀ ìta. Ó wọlé. Ká ní ilẹ̀ ìta ga ju yàrá lọ níbẹ̀ bíi ti ẹ̀yìnkùlé ni, à bá gbẹ́ kòtò títí a ó fi bá òkúta pàdé.

Ọ̀rọ̀ gẹ̀rẹ́ yìí kì í ṣe eré. Chicago tẹ́ pẹrẹsẹ sí etí adágún Michigan débi pé omi ìdọ̀tí kò rí ọ̀nà lọ. Ní 1855, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Ellis Chesbrough gbé ètò kalẹ̀ pé kí wọ́n to páìpù sí orí ilẹ̀, kí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ bò ó, kí títì fi bẹ́ẹ̀ ga sókè. Àwọn ilé tó ti wà nílẹ̀ ńkọ́? Jáàkì ni wọ́n fi gbé wọn sókè, títí kan ilé bíríkì tí àwọn èèyàn ṣì ń tajà nínú rẹ̀ lọ́wọ́. Títí di òní, bí basement ilé kan níbẹ̀ bá rẹlẹ̀ ju páìpù ìlú lọ, ẹ̀rọ ni wọ́n ń rì sínú kòtò abẹ́ ilẹ̀ láti máa ti omi ìwẹ̀ sókè. Iná mànàmáná ni ẹ̀rọ yẹn ń jẹ. Èyí tó bá wù yín nínú jáàkì àti ẹ̀rọ, ẹ mú un. Ní Ìgbẹ́tì, rọ́bà olómi ni mo mú.

Ìgbà yìí la tó fọwọ́ kan kọnkéré. Jámánì fúlọ́ọ̀ ni àwọn bíríkìlà ń pe kọnkéré tí a kọ́kọ́ ń dà sílẹ̀ ilé kí a tó fi sìmẹ́ǹtì dán an. N kò tíì rí ẹni tó lè sọ fún mi ohun tí àwọn ará Jámánì ṣe tí a fi fún wọn ní oyè yẹn. Tiwa nípọn tó ínṣì mẹ́rin. A fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì, ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín wọn. Ẹ má fi hámà kọ́kọ́ lù ú o. Ẹ̀rọ fáílìn, èyí tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin, ni kí ẹ fi la ojú ìlà méjèèjì, kí hámà tó wá fọ́ àárín. Tí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ibi tí kọnkéré máa là dé, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa yàn án. Kí ẹnìkan máa wọ́n omi síbi tí ẹ̀rọ ń gé, nítorí eruku kọnkéré burú fún ẹ̀dọ̀fóró, kí ẹni tó ń gé e sì fi ìbòmú eruku di imú. Ọmọ tó gé tiwa kọ̀, ó ní ooru ń mú òun. Mo gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi di imú.

Lábẹ́ kọnkéré la bá òkúta tí mo ti ń retí. Ó tóbi tó ẹrù ilá ńlá kan, ó sì jókòó sí ojú ọ̀nà páìpù gan-an. Lóko, iná ni wọ́n fi ń la irú òkúta bẹ́ẹ̀: wọ́n á dáná lé e lórí títí yóò fi gbóná, yóò sì sán. Nínú yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìyá ẹni, a kò lè dán ìyẹn wò. Púlọ́ńbà ní kí a yà fún un. Dípò kí páìpù ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan bí ìgbọ̀nwọ́, ó lo ibi tó tẹ̀ díẹ̀ méjì, nítorí kọ́rọ́ tó bá mú jù ni irun orí àti ọṣẹ máa ń kó jọ sí. A fi asẹ́ jọ yanrìn, a tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ kòtò kí òkúta kankan má baà gún páìpù, a sì wọn gẹ̀rẹ́ rẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan. Níbi tí páìpù ti gba abẹ́ ògiri kọjá, a fi fóòmù wé e kí ògiri má baà jókòó lé e lórí.

Ẹ to gbogbo páìpù láìfi gọ́ọ̀mù sí i ná. Ẹ fi bírò sàmì sí oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ó bá jókòó dáadáa ni kí ẹ tó tú u, kí ẹ nù ún mọ́, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù sí inú àti ìta, kí ẹ tì í bọ̀ ọ́, kí ẹ yí i díẹ̀, kí ẹ dì í mú. Gọ́ọ̀mù yẹn kì í fún èèyàn láàyè àtúnrò.

Mo wá dé ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ìyẹn ibi tí páìpù ti tẹ̀ kọ́rọ́ lábẹ́ ihò, tí àwọn púlọ́ńbà ń pè ní tírápù. Ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gòkè díẹ̀, kó tó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Omi díẹ̀ máa ń dúró sínú ibi tó tẹ̀ yẹn lẹ́yìn ìwẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán ó yẹ kó jìn tó ínṣì méjì. Omi yẹn ni ilẹ̀kùn. Omi mìíràn lè gbà á kọjá, ṣùgbọ́n òórùn àti ẹ̀fọn sókàwéè kò lè gba inú rẹ̀ wá bá yín nínú ilé. Ọgbọ́n náà ti pẹ́: ní 1775, Alexander Cumming, ọmọ Scotland kan tó ń ṣe aago ní Lọ́ńdọ̀nù, gba ìwé àṣẹ lórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi tí páìpù rẹ̀ tẹ̀ bí lẹ́tà S. Balùwẹ̀ àtijọ́ wa kò nílò rẹ̀, nítorí ìta gbangba ló wà, atẹ́gùn ló sì ń gbé òórùn lọ. Ìgbà tí a mú balùwẹ̀ wọlé la nílò ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn omi ní àléébù kan: ó máa ń gbẹ. Ní oṣù kẹta ọdún 2003, àrùn SARS mú èèyàn tó lé ní 300 ní àwọn ilé gogoro kan tó ń jẹ́ Amoy Gardens ní Hong Kong. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, lára ohun tí wọ́n rí ni pé tírápù ilẹ̀ balùwẹ̀ ti gbẹ ní ilé púpọ̀, nítorí pé àwọn ará ilé ń fi nǹkan nu ilẹ̀ ni, wọn kì í da omi sí i mọ́. Fáànù balùwẹ̀ wá ń fa afẹ́fẹ́ inú páìpù wọlé bá wọn. Ẹ wá ronú nípa ọyẹ́ Òkè-Ògùn, agbègbè wa, tó ń la ètè, tó ń la ilẹ̀kùn pákó, tó ń mu omi inú ìkòkò. Ilé tí wọ́n tì láti ìgbà ọdún iṣu títí di Kérésìmesì, kí ẹni tó bá ṣí i má bínú sí púlọ́ńbà bí òórùn bá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kó rọ ife omi kan sínú ihò balùwẹ̀, kó dúró díẹ̀.

Omi tírápù tún lè lọ lọ́nà mìíràn. Bí omi púpọ̀ bá ń sáré lọ nínú páìpù tí kò ní ibi mímí, yóò fa ti tírápù mọ́ra. Ẹ ó gbọ́ ọ tí ó ń dún gùlù-gùlù bí ẹni tó ń mu ọtí nínú agbè. Nítorí èyí ni a ṣe ń yọ páìpù kan lọ sókè, kọjá òrùlé. Púlọ́ńbà wa kò fẹ́ ṣe é, ó ní balùwẹ̀ kan ṣoṣo ni, kí ni mo fẹ́ fi ṣe. A ṣe é. Owó rẹ̀ kò tó owó ẹran ọjọ́ Sátidé.

Kí a tó da kọnkéré padà, a dí ẹnu páìpù níta, a rọ omi kún un títí dé ẹnu ihò nínú yàrá, a fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó dé, a sì lọ sùn. Bíríkìlà rò pé mò ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Lọ́jọ́ kejì omi ti fi ìka méjì lọ sílẹ̀. Oríkèé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta yẹn ń sun omi, bí òógùn ṣe ń yọ níwájú orí. A gé e, a tún un ṣe, a tún rọ omi. Ní ọjọ́ kẹta, omi wà níbi tí a fi í sí. Ọ̀sán kan la fi tún un ṣe. Ká ní a ti da kọnkéré bò ó ni, ọdún méjì ni ògiri ì bá fi máa tutù kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Nípa kọnkéré fúnra rẹ̀, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀: sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin, kí omi rẹ̀ má pọ̀ jù, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tó máa ń tètè gbẹ ẹ́ lójú nígbà tí inú rẹ̀ kò tíì gan.

Ibi tí a ti ṣìṣe ni orí ilẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ balùwẹ̀ ni ó yẹ kó dagẹ̀rẹ́ sí ihò láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gẹ́gẹ́ bí abọ́ tí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé abọ́ ni. Púlọ́ńbà ti gbé irin ihò dọ́gba pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì, èyí tó dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rántí pé táìlì ní ìnípọn tirẹ̀, gọ́ọ̀mù abẹ́ rẹ̀ náà sì ní tirẹ̀. Ẹni tó to táìlì kò fẹ́ kí ihò rì sísàlẹ̀, ni ó bá gbé irin náà sókè, ó sì gbé e kọjá ààlà. Omi tí a kọ́kọ́ dà síbẹ̀ yí ihò náà ká, ó ń wò ó, kò wọ inú rẹ̀. Táìlì mẹ́rin la fọ́. Mo ti fẹ́ fi mábù tẹ́ ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, nítorí kí ni ọmọ Ìgbẹ́tì ń wá lọ sọ́dọ̀ táìlì nígbà tí wọ́n ń wa mábù nílùú rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló dá mi dúró: mábù dídán máa ń yọ̀ bí omi bá wà lórí rẹ̀, ásíìdì tí àwọn èèyàn fi ń fọ balùwẹ̀ sì máa ń jẹ ẹ́. Táìlì tí ara rẹ̀ kò dán la lò, nítorí ẹsẹ̀ àgbà.

Ọjọ́ tí màmá kọ́kọ́ wẹ̀ níbẹ̀, wọn kò sọ̀rọ̀ nípa táìlì tàbí nípa ṣáwà. Wọ́n wọṣọ, wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ wo ibi tí omi lọ. A gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí igun ìsàlẹ̀. Wọ́n wo ilẹ̀ pupa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bò, wọ́n fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ níbi mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì tí wọ́n ti rì síbẹ̀. Mo ṣàlàyé pé gbòǹgbò máa ń wá omi lọ sínú páìpù, pé ó yẹ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ jìnnà díẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi tán.

Wọ́n ní, “Ṣé ìwọ lo máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ni?”

A ṣí i lọ sí ìsàlẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá.